Ìlẹ̀kẹ̀ Àwẹ̀ró

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Àmọ́ ìyá Àwẹ̀ró, tó jẹ́ tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, ń sá fún ẹnu ayé. Ó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì rẹ̀: "Níbí, Àǹtí ni kó o máa pè mí o."

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ó gbé Mosún, ọmọ ọlọ́mọ, lé itan, ó ń bá a sín tirẹ̀. Ni owú bá gba ọkàn Àwẹ̀ró. Ó gbá àwo wọn dànù.

Ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn: "Olórí kunkun! Lọ dá jókòó!"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́, Àwẹ̀ró mú ìlẹ̀kẹ̀ tó dá sín wá. "Àǹtí, màmá mi ni mo sín in fún. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi fún wọn."