Àwẹ̀ró àti Màlúù Tí Ìkookò Gé Nírù

"Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin." A ń pa á lówe lójoojúmọ́, àmọ́ ta ló rí Olúwa rí tó ká apá ẹ̀wù sókè, tó ń sáré tẹ̀lé eṣinṣin nínú pápá? Àwọn ará abà Olókùúta ló rí i.

Opó ni Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀dá run oko rẹ̀, abo màlúù dúdú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un. Ìyẹn náà, ìkookò ti gé ìrù rẹ̀ mọ́ ìdí. Òjò dé, eṣinṣin dé. Eṣinṣin ọdún yẹn! Bí wọ́n bá bà lé ìrókò, ìrókò á tẹ̀. Bí wọ́n bá kùn, adití á ní kí wọ́n rọra. Wọ́n jẹ màlúù náà di egbò.

Àdìgún, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ìyàwó wa, jẹ́ ká pa á kó tó jẹrà lórí ìdúró."

"Ẹ fọ̀bẹ yín sákọ̀, ọkọ mi. Ẹni tó dá a mọ̀ pé kò nírù."

"Ọlọ́run ò mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ o!"

"Ẹ ti wo ọwọ́ rẹ̀ ni?"

Bí Àwẹ̀ró bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, imọ̀ ọ̀pẹ ló kù. Ohun tó bá ti ní ìyẹ́, ó ń nà án: eṣinṣin, labalábá, lékeléke. Apá rẹ̀ wú bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ni ibà bá dá a wó.

"Olúwa," ó wí lórí ẹní, "apá mi ti pin. Ṣùgbọ́n màlúù yìí ò ní kú. Mo ti sọ ọ́ lójú ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, má dójú tì mí."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi dé pápá. Nígbà tó gbọ́ pé Àdìgún ti gbé ọ̀bẹ àti ọpọ́n ẹran, ó ń lọ sí pápá, ó dìde tòun ti ibà, ó ń gbọ̀n tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò ní pa á!"

Wọ́n dé pápá, wọ́n yanu. Màlúù dúdú ti funfun bí ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀! Lékeléke ló bò ó látorí dé ìdí, tí wọ́n ń ṣa eṣinṣin jẹ. Àwọn màlúù tó nírù ń fi ìrù lé àwọn ẹyẹ náà dànù. Èyí kò ní ohun tó máa fi lé ẹnikẹ́ni. Egbò ti gbẹ. Ó dijú, ó ń jẹ àpọ̀jẹ bí olorì tí wọ́n ń dirun fún.

"Ẹ pa á ná!" Àwẹ̀ró fi ara dí i. "Egbò dà? Eṣinṣin dà?"

Ọ̀bẹ rọ̀ lọ́wọ́ Àdìgún. "Ìyàwó wa, ìwọ lo bẹ àwọn ẹyẹ yìí lọ́wẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń fi imọ̀ ọ̀pẹ lé wọn!"

Àdìgún gbé ọpọ́n òfìfo wọ abà. Àwọn tó ti ń fọ ìkòkò dè é bi í pé, "Ẹran dà?"

"Ẹ lọ bi Olúwa!" ló fi ìbínú dáhùn. "Màlúù tí kò nírù, òun ní í bá a lé eṣinṣin."