Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Tán Lẹ́nu Àdàbà

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ṣì ń fi èdè kan sọ̀rọ̀, Àdàbà kì í gbé inú igbó. Orí ọ̀pẹ ló ń gbé, láàárín àwọn ẹ̀gà, ọ̀rọ̀ sì kún ẹnu rẹ̀ ju tiwọn lọ.

Àdàbà kò bímọ. Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, abiyamọ ẹ̀gà kan kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ nínú ìtẹ́. Àwọn ẹbí wọn wá wò wọ́n. Wọ́n ní àánú ṣe àwọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àánú kì í yó ọmọ. Àdàbà ló wọlé tọ̀ wọ́n. Ó ń fi ọ̀fun ara rẹ̀ rẹ ọkà bàbà kó tó bù ú sí wọn lẹ́nu. Ó sọ akọ ní Àjàmú, ó sọ abo ní Àwẹ̀ró. Ó sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sọ.

Àwọn ọmọ náà dàgbà. Àjàmú hun ìtẹ́ tirẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó hun ún, ó so ó rọ̀. Àdàbà wò ó, inú rẹ̀ dùn.

Ó ní, "Ọmọ mi, ó pọ́n!"

Nígbà èwe Àdàbà, ohun tó bá dára tí kò lábùkù ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ó pọ́n. Àwọn ìyá wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́nu tiwọn, èso nìkan ló ń pọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bí ìyá Àdàbà nínú títí ó fi kú.

Ojú ti Àjàmú. "Ìyá, ẹ ní ìtẹ́ mi pọ́n?"

"Ó pọ́n dáadáa!"

Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀gà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ yìí, ohun tó ti gbó, tó kù díẹ̀ kó já bọ́, ló pọ́n.

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ pọ́n."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín títí imọ̀ ọ̀pẹ fi ń mì.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Bí kì í bá ṣe ẹni yìí, ṣé wọ́n á mọ bí a ṣe ń sọ pé ebi ń pani?

Àdàbà kò jà. Ó ní òun yóò kọ́ èdè wọn. Láràárọ̀, á jókòó sẹ́yìn imọ̀, á máa gbọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ, á rọra máa tún un sọ fún ara rẹ̀. Ó gbọ́ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ jù, "òjò" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ pé ẹni tó ń bá wọn rìn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, "àfòmọ́" ni. Ó kọ́ ìyẹn náà. Kò béèrè ta ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n tán, ó fò bọ́ sí àárín wọn. Wọ́n ń fi bàbá ẹ̀gà kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àdàbà ní, "Ẹ má dá a lóhùn, òjò lásán ni. Ó ti pọ́n jù!"

Ó sọ ọ́ dáadáa, kò ṣì í. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì fò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Àdàbà nìkan lórí imọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òjò ti padà di òjò tí ń rọ̀ láti ọ̀run. Ẹni tí ebi bá ń pa ni ó ń pọ́n. Àdàbà kọ́ ìyẹn. Wọ́n tún yí i. Ó tún kọ́ òmíràn, wọ́n yí ìyẹn náà, títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe wá, Ìyá."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá ti gbọ́, ẹ ó sá kúrò nínú rẹ̀?"

Àjàmú ń wo èékánná rẹ̀. Àwẹ̀ró ló dáhùn, kò sì fi ìkà sọ ọ́. "Ìyá, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe tiwa mọ́."

"Ẹ fún mi ní ẹyọ kan péré. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ò ní yí. Bí mo bá sọ ọ́ níbikíbi, kí ẹ mọ̀ pé èmi ni, kí ẹ dá mi lóhùn."

Àjàmú gbé orí sókè. "Ìyá, bí àwa ò bá tiẹ̀ yí i, àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

Àdàbà ní, "Ó dáa. Ẹ máa kó gbogbo rẹ̀ lọ."

Ó fò wọ igbó. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ìtumọ̀, ó mọ̀ pé wọ́n á rí i yí. Ó kó gbogbo wọn dà nù, ó wá mú ohùn kan tí kò túmọ̀ sí ohunkóhun, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ di nǹkan mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀gà ti ń pariwo lórí ọ̀pẹ, tí ìran kan kò gbọ́ ti ìran kejì. Àwọn ọmọ ènìyàn tó ń ṣeré lábẹ́ ọ̀pẹ gbọ́ wọn, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń yí ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, wọ́n sì gbé e wálé bá wa. Láti ọjọ́ náà sì ni àdàbà ti ń dá gbé inú igbó, tó ń ké ohùn kan ṣoṣo náà ní ọ̀sán gangan: kùú-kùkú, kùú-kùkú. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ ó rí i pé ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún un ké. Ó ń dúró bóyá ẹnìkan á dáhùn.