Ẹfúnwùmí Abógunjẹkorò ti Òkè-Àparò

Ní ọdún tí Kújẹnyọ̀, ọ̀gágun àwọn ará Ọ̀dàn, kó ogun gun Òkè-Àparò, kò sí ilé kan lórí òkè náà tí a kò ti sunkún. Ogun náà dé nígbà tí àwọn ọkùnrin ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọwọ́ ti tẹ ìlú. Kújẹnyọ̀ kò dáná sun ún, nítorí ènìyàn ni ó wá kó, kì í ṣe eérú. Ó há àwọn ará ìlú mọ́ inú ọgbà tó wà níwájú ààfin, ó sì kéde pé bí ogun òun bá ti jẹun yó tán, òun yóò so wọ́n lókùn, àgbà àti èwe, òun yóò fà wọ́n gba pápá kọjá lọ sí Ọ̀dàn, níbi tí a ó ti tà wọ́n bí ẹni ta ewúrẹ́. Bí ìyẹn bá ṣẹ, orúkọ Òkè-Àparò ì bá ti pa rẹ́ lẹ́nu aráyé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, a ní láti mọ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ. Àpáta ni ilẹ̀ wọn; iṣu funfun kì í ta níbẹ̀. Èsúrú ìgbẹ́ ni àwọn baba ńlá wọn bá nínú igbó, eléwé mẹ́ta, ẹlẹ́gùn-ún lára, èyí tí oró rẹ̀ ń pa ẹni tó bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sá fún un. Wọ́n kọ́ bí a ti ń gé e wẹ́wẹ́, tí a ń kó o sínú agbọ̀n, tí a sì ń rì í sínú odò títí omi yóò fi fa oró náà lọ. Ìwẹkorò ni wọ́n pe iṣẹ́ yìí, òun ni wọ́n sì fi ń mọ ara wọn láàárín ènìyàn. Ìyá ní ń fi kọ́ ọmọbìnrin. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá jà, àwọn àgbà a ní kí wọ́n jọ ru agbọ̀n kan lọ sódò, kí wọ́n sì jókòó tì í títí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi ṣeé jẹ. Àlejò kì í dé kí a má gbé èsúrú fún un, ẹni tó bá gbé e wá yóò sì sọ fún un pé omi ti gbà á.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀dàn, ẹ̀wẹ̀, láti inú àká ni iṣu ti ń bọ́ sórí iná. Ẹrú nìkan ni wọ́n ń fún ní ohun tó ti sùn sínú omi. Nítorí náà, nígbà tí Olókè, àgbà tó jẹ́ olórí ìlú, ní kí a gbé oúnjẹ fún aṣẹ́gun gẹ́gẹ́ bí àṣà, tí Abíọ́nà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnwùmí bí, sì gbé àwo kalẹ̀ tó ní, "Ẹ jẹun, bàbá, omi ti gbà á," Kújẹnyọ̀ bèèrè ohun tí omi gbà. A ṣàlàyé fún un. Ó ní wọ́n fi òun wé ẹrú níṣojú àwọn ọmọ ogun òun. Ó fa idà yọ, ó sì pa ọ̀dọ́kùnrin náà lórí àwo tó gbé wá. Lẹ́yìn èyí, ó dáná sun gbogbo agbọ̀n ìwẹkorò, ó sì ka odò léèwọ̀ fún àwọn obìnrin.

Ẹfúnwùmí Àwẹ̀ró, ọmọ Ajíbulé, obìnrin gíga bí ọ̀pẹ, tí apá rẹ̀ le nítorí agbọ̀n rírù, òun ni olórí àwọn obìnrin odò. Wọn kò fún un ní òkú ọmọ rẹ̀ sin. Oúnjẹ tó dà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ọwọ́ kó jọ, ni ó sin sábẹ́ igi, ni ó sì dúró tì.

Kò pẹ́ tí iṣu tí àwọn jagunjagun gbé wá fi ń tán lọ. Kújẹnyọ̀ rí èsúrú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú, tó wà nínú àká, ó sì pàṣẹ pé kí Ẹfúnwùmí àti àwọn obìnrin rẹ̀ gún un mọ́ ìyókù iṣu funfun, kí ogun òun jẹ àsè kí wọ́n tó gbéra. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

"Balógun, ohun tí ẹ ní kí n gún yìí, omi kò tíì gbà á. Ó korò, ó sì ń pa ni. Ẹ fún wa láyè kí a wẹ̀ ẹ́."

Kújẹnyọ̀ gbà pé ó ń fa àkókò gùn ni, kí àwọn ọkùnrin tó wà lóko lè rí ìrànwọ́ mú wá.

"Ẹ̀yin ará òkè," ó ní, "bí ẹ bá bí ọmọ tuntun, ẹ ó rẹ òun náà sómi. Gún un. Rọ ata sí i, da epo sí i, kí o sì se ìgalà tí àwọn ọdẹ mi pa. Ìwọ ni yóò ṣe atọ́wòṣáájú wa. Bí iṣu bá pa ọ́, àwa ò ní jẹ." Àwọn ìjòyè ogun rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Bí wọ́n ti ń gún un lọ́wọ́, Olókè rọra sún mọ́ ọn.

"Àwẹ̀ró, òkèlè tí o bá gún fún un, o ti gún un fún ara rẹ."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Oró rẹ̀ kì í yára. Ó máa ń dúró kí ẹni tó ń jẹun yó. Èmi yóò jẹ díẹ̀, wọn yóò jẹ púpọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wa, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án, bí ó ti wù kí ebi pa á tó."

"Bí o bá wá kú ńkọ́?"

"Kí n ṣáà kú lẹ́yìn tí ojú mi bá ti rí òpin Kújẹnyọ̀. Bí mo bá kú ṣáájú, ẹ gbé òkú mi kọjú sí i."

Wọ́n gbé iyán náà kalẹ̀. Ẹfúnwùmí bu òkèlè, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn. Kújẹnyọ̀ ń wò ó. Obìnrin náà nu ọwọ́, ó dúró ṣánṣán. Nígbà náà ni ogun Ọ̀dàn rọ́ lu oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn ráhùn pé ó korò díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í léèrè bóyá wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Wọ́n jẹ títí wọ́n fi fọwọ́ nu ìkòkò. Ahọ́n wọn ni ó kọ́kọ́ wúwo, lẹ́yìn náà orúnkún wọn yẹ̀, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé. Àwọn ará ìlú wó ọgbà. Ọmọ odó tí a fi gún iyán náà ni a fi parí àwọn tó jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó dá ẹnikẹ́ni sí.

Kújẹnyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, ó nà gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Ẹfúnwùmí ti kú. Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé e wá. Olókè ní kí a fi idà pa ọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí jagunjagun. Ẹfúnwùmí kọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

"Kújẹnyọ̀, ọmọ mi sọ fún ọ pé omi ti gbà á, o pa á. Èmi sọ fún ọ pé omi kò tíì gbà á, o fi mí rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ méjì ni a sọ fún ọ lórí òkè yìí, o sì kọ méjèèjì. Omi lo wá ń tọrọ báyìí. N kò ní fi dù ọ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ hun agbọ̀n kan fún un. Ẹ rì í bí a ti ń ri èsúrú, kí ẹ sì jókòó tì í títí ìkorò rẹ̀ yóò fi tán."

Wọ́n hun ún, wọ́n rì í, wọ́n sì jókòó tì í. Wọn kò yọ ọ́.

Ẹfúnwùmí gbé ayé pẹ́ lẹ́yìn èyí, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, òun ni ó sì ṣí ibi ìwẹkorò tuntun sí òkè odò. Ibi ti àtijọ́ ń jẹ́ Ibùkorò, ẹnikẹ́ni kì í bu omi níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni olóúnjẹ Òkè-Àparò ti máa ń kọ́kọ́ jẹ níṣojú àlejò. Àwọn ọmọbìnrin Ọ̀dàn ń fẹ́ ọkọ níbẹ̀ lónìí, a sì ń gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ìyá ọkọ yóò mú ìyàwó lọ sódò, yóò gbé agbọ̀n lé e lọ́wọ́, yóò sì fi sùúrù kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fi agbọ̀n náà rẹ́rìn-ín, wọn a gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì ní kó máa jẹ èsúrú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìwẹ̀.