Ìsinmi Ọjọ́ Kan
Ìyá Mopélọ́lá ń ṣàìsàn ní Ẹ̀gbẹ̀, ìrìn odindi ọjọ́ kan sí ilé iṣẹ́ fóòmù tí Mopélọ́lá ti ń ṣe akọ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ lọ́jọ́ òmìnira nìkan, kó sì wọṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mopélọ́lá kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, oníbàárà wa ní Ẹ̀gbẹ̀ ṣì ń retí fóòmù. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ ìsinmi mi tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù.” Inú ọ̀gá dùn pé òun rí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí ọkọ̀ gbéra lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó padà lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Bí Mopélọ́lá ṣe rí ọjọ́ mẹ́ta gbà nìyẹn. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó ti rù kan eegun. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ìgbà wo lo tún máa wá?” Ó dáhùn pé, “Tí wọ́n bá fún wa ní ìsinmi Kérésìmesì, Màámi.” Ìyá ka oṣù lórí ìka. “Ó jìnnà jù, ọmọ mi.” Láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ padà, awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Mopélọ́lá tó lè tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò lára tirẹ̀.