Ìbẹ́pẹ Tí Kì í So

Ọkùnrin kan wà ní ìlú àwọn àna mi, tó ti bá àwọn ará Ítálì tó ń ṣe ọ̀nà ṣiṣẹ́ pẹ́. Òun ló ń tọ́jú yàrá ẹrù wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan, jénérè. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sọ ti akọ àti abo, jénérè ni. Bó bá ń sọ irú orin tó fẹ́ràn, jénérè náà ni. Òun náà ni wọ́n ń pe àwọn igi tó jẹ́ ẹbí kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ohun tí kì í yà sọ́tọ̀ ní irú-irú, títí kan ṣíbí ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, olórí ẹbí fún un ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò, níbi tí ẹlòmíràn kò ti dáko. Ó ní bí ohun tó bá gbìn síbẹ̀ kò bá so dáadáa títí di Kérésìmesì ọdún kejì, òun yóò gbà á padà fún ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin náà gbin ìbẹ́pẹ. Láti ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ ti ń já, nítorí kò ní ilẹ̀ mìíràn.

O ṣáà mọ̀ pé ìbẹ́pẹ akọ kì í so. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá ti rọ̀ gbọọrọ báyìí, ọkùnrin náà á gé e. Ó ní wọ́n kàn ń gba ilẹ̀ lásán ni.

Àwọn abo yọ òdòdó, òdòdó sì ń rẹ̀ dànù. Ó bomi rin wọ́n, ó da ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí wọn, pàbó ló já sí. Láràárọ̀ ni yóò máa ṣa òdòdó tó já bọ́ sínú fìlà rẹ̀. Igi mẹ́ta péré ló so, ní ìkangun oko. Ó wo ẹ̀yìn wọn, ó rí akọ kan nínú igbó. Inú bí i. Ó ní irú èyí ló ń ba oko òun jẹ́, ó sì gé e lulẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró àdá, ó sáré dé.

“Baba Adétóún, èwo lẹ gé?”

“Akọ ni.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀. “Òun nìkan ló kù tí àwọn abo fi ń so. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ fún yín ni, nítorí ẹ kì í gbọ́.”

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún kejì dé, kò sí igi mìíràn tó so, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ ọ̀gá akọrin, ìwé tó wà lápò rẹ ni mo ń bá wí. O kọ orúkọ àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀ sí i, o ní wọ́n kàn ń kùn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn. O fẹ́ yọ wọ́n kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ń ba èmi náà. Nígbà tí ẹ bá ń dánrawò lọ́la, ní kí àwọn márùn-ún náà dákẹ́, kí ìwọ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o gbọ́ ohun tó kù.