Bí Ìrù Òkété Ṣe Funfun, Tí Àkèré Sì Ń Ké Létí Omi

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù òkété ṣì dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, Agbọ́n nìkan ló mọ tákàdá ṣe nínú igbó. Á bà sórí igi gbígbẹ, á máa ha á, á máa fi itọ́ ẹnu rẹ̀ rin ín títí yóò fi kúnná bí ògì. Ẹyọ kan ló ń rí ṣe lóòjọ́. Kò dáná, kò gbé ìkòkò kaná, kò sì ní ìdọ̀tí kankan láti dà nù.

Àṣà wọn nígbà náà ni pé bí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sórí tákàdá, á pè é, ọmọ á sì dáhùn. Ọmọ tí kò ní tákàdá kò lórúkọ.

Àkèré wá bímọ. Ọ̀ọ́dúnrún légbénlégbé tí kò tíì hu ẹsẹ̀ ló kún adágún kékeré tó wà nísàlẹ̀ odò. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ bá Agbọ́n.

"Bàbá Agbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọ̀ọ́dúnrún tákàdá ni mò ń wá, ọjọ́ kẹjọ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Ìyá Àkèré, ẹ kú ewu ọmọ," ni Agbọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká sún ìkómọ síwájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Kí ọmọ mi máa wà láìlórúkọ? Kí àwọn ará ilé ọkọ mi lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Òkété ti ń gbọ́ wọn lábẹ́ igi. Ó yọ imú síta.

"Ìyá Àkèré, ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀ pẹ̀lú itọ́ rẹ̀. Omi eérú ni màá fi se igi nínú ìkòkò ńlá. Kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, tákàdá yín á ti pé."

"Níbo lo máa da omi ìkòkò náà sí?" ni Agbọ́n bi í.

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ṣé odò ò sí níbẹ̀ ni? Kí lomi ò lè gbé lọ?"

Àkèré náà bá a dá sí i: "Bàbá, tákàdá là ń wí, omi lẹ ń béèrè!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí di òní. Odò tó ń ṣàn wọ inú adágún àwọn ọmọ rẹ̀ ni o!

Òkété se igi. Nígbà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rọ̀, ó ti ìrù bọ ìkòkò. Omi eérú bó dúdú ìrù náà dé ìdajì. Ó yáa ká a mọ́ abẹ́ ìdí, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ igi rọ̀ lóòótọ́. Tákàdá funfun báláú, Àkèré ń sá wọn sórí àpáta, ó ń jó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Òkété ti gbé ìkòkò, tó da omi dúdú sódò.

Lọ́jọ́ kẹjọ, gbogbo ẹranko pé sétí adágún. Àkèré mú tákàdá kìíní, ó pe orúkọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe ìkejì. Ó pe ìkẹta. Ìgbà náà ló tó wo omi. Ó ti dúdú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì léfòó, gbogbo wọn da ikùn sókè.

"Ta ló da nǹkan sódò?" Àkèré figbe ta.

"Èmi kọ́ o!" Òkété fò dìde, ìrù rẹ̀ sì yọ síta. Gbogbo wọn rí ibi tó funfun. Ó sá lọ, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó wọlé sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni, ó kéré tán lọ́jọ́ yẹn. Òkété ló da omi, ọmọ ọlọ́mọ ló mu ún.

Láti ọjọ́ náà ni ìdajì ìrù òkété ti funfun, kò sì ní ohun tó lè fi pa á dà. Láti ọjọ́ náà ni agbọ́n ò ti fún ẹnikẹ́ni ní tákàdá mọ́. Ó ń fi kọ́ ilé ara rẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á ta á. Àkèré ní tirẹ̀, etí omi ló ń jókòó sí, tó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gbọ́ tó dákẹ́ díẹ̀, ó ń dúró bóyá ọmọ kan á dáhùn ni.