Olórí Èrò àti Odò Tó Gbẹ

Ọkùnrin kan wà láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni a fi ń ṣòwò ọ̀nà jíjìn. Olórí èrò ni. Òun ló máa ń ṣíwájú àwọn oníṣòwò lọ sí àwọn ìlú òkè, òun náà ló sì máa ń kó wọn bọ̀ wálé pẹ̀lú káún, òrí àti ẹja gbígbẹ. Ó ti ṣe é fún ogún ọdún. Bí ó bá ní kí èrò dìde, wọn a dìde. Bí ó bá ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, kò sẹ́ni tí í bi í pé kí ló dé. Baba Èrò ni gbogbo wọn ń pè é.

Lọ́dún kan, àkọ́rọ̀ òjò bá wọn lọ́nà. Ìwọ náà mọ bí ìgbà yẹn ti ń rí. Òjò á rọ̀ lónìí bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Lọ́la, oòrùn á tún máa jó ènìyàn lẹ́yìn bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo sí òjò àkọ́kọ́ lè tún un gbìn lẹ́ẹ̀mejì kí ojú ọjọ́ tó dúró sójú kan. Èrò ọ̀nà kì í fẹ́ràn ìgbà náà, torí bí odò bá kún, ọ̀nà dí nìyẹn. Nítorí náà ni Baba Èrò ṣe ń lé àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀ kánkán. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti wú. Aboyún kan wà láàárín wọn tó ń rìn gbẹ̀yìn, tó ń fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, tí kò sì ráhùn.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n dé odò tó ti gbẹ. Iyanrìn funfun ló tẹ́ rẹrẹ láàárín bèbè méjèèjì. Ibẹ̀ ni Baba Èrò máa ń sùn sí lọ́dọọdún, nítorí kò sí koríko tí ejò lè fara pamọ́ sí, bí ènìyàn bá sì fọwọ́ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, á rí omi mu. Ó ní kí wọ́n sọ ẹrù.

Oko ìyá àgbàlagbà kan wà lókè bèbè. Ó ń tún àgbàdo gbìn síbi tí oòrùn ti pa ti ìṣáájú. Bó ti rí wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ kú ìrìn o, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbí. Láti ọ̀sán ni mànàmáná ti ń kọ lápá orísun odò yìí. Òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún.”

Baba Èrò gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì dà bí ẹni pé obìnrin yìí fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ogún ọdún ni mo ti ń sùn síbí. Ẹ bójú tó àgbàdo yín, kí ẹ fi èrò sílẹ̀ fún mi.”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà gun bèbè padà lọ.

Wọ́n dáná. Aboyún náà fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí iyanrìn, oorun sì gbé e lọ. Baba Èrò mú akèrègbè rẹ̀ lọ síbi ihò omi tó ti gbẹ́. Nígbà tó gbẹ́ ẹ, omi tó sun níbẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ lọ. Ní báyìí, ihò náà ti kún dé ẹnu, ó pọ́n, ó sì ń ga sí i bó ti ń wò ó. Baba Èrò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kò pariwo. Ojú tì í. Ẹ̀rín tó fi ìyá olóko rín ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá omi díẹ̀ ni, bóyá kò ní dé ibi tí ẹrù wà. Ó dúró síbẹ̀, ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó yíjú, ó rí i pé iyanrìn abẹ́ aboyún náà ti tutù, ó ti dúdú.

Ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ dákun, ẹ dìde! Mo ṣì í. Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Omi ń bọ̀.”

Ọkùnrin kan tó ti bu oúnjẹ gbójú sókè. “Baba, èwo ni ká wá gbà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì?”

“Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn. Ìgbéraga ló sọ ti àkọ́kọ́.”

Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Baba Èrò fúnra rẹ̀ ló jí aboyún náà, ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó sì fà á lọ́wọ́ gun bèbè. Bó ti fẹ́ padà lọ kó káún tirẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìjì nínú igbó ọ̀pẹ. Omi dé, tìgì-tìgì, pẹ̀lú ìtì igi. Ó kó ìkòkò, ó kó iná, ó kó gbogbo káún Baba Èrò lọ. Kò rí ènìyàn kankan kó.

Baba Èrò lọ bá ìyá olóko, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. “Ìyá, ẹ foríjì mí. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Dìde, ọmọ mi,” ni ìyá náà wí. “Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn èrò kan sùn síbẹ̀ yẹn. Mo rí mànàmáná, n kò kìlọ̀ fún wọn. Mo ní wọn ò ní gbọ́ tèmi, wọn á kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mẹ́rin ló kú nínú wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wù ú kó rẹ́rìn-ín, n ó sọ ọ́.” Ó sì ṣí abà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Baba Èrò kò sùn dáadáa. Ó gbà pé iṣẹ́ olórí ti bọ́ lọ́wọ́ òun, pé kò sẹ́ni tí yóò tún tẹ̀ lé ẹni tó jẹ́wọ́ àṣìṣe lójú gbogbo èrò. Ilẹ̀ mọ́, odò ṣì kún. Gbogbo wọn yí i ká bí wọ́n ti máa ń ṣe.

“Baba,” ni ọkùnrin àná wí, “ibo la ó gbà?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìyá léèrè.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ ohun tí o sọ lójú gbogbo ẹbí, pé ọmọbìnrin rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ilé rẹ mọ́. Mo tún gbọ́ pé o ń bi àwọn tó ń ti ìlú rẹ̀ bọ̀ bóyá ara rẹ̀ le, bóyá ó ń rí jẹ. Ọkàn rẹ ti mọ̀ pé o ṣì í. N kò dá ọ lẹ́bi, ìbínú baba ni. Ohun tó ń dá ọ dúró báyìí kò ju ìtìjú lọ. Pe ẹbí jọ, kí o sọ ọ̀rọ̀ kejì, pé o ṣì í, lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, lọ mú ọmọ rẹ wálé.